Ìtàn Tí Wọ́n Ní Kí Mùlíkàt Yí Padà

Bí ẹ bá dé Basìrì ní Adó lónìí tí ẹ béèrè Mùlíkàt tó ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé, ẹnì kan á júwe ilé rẹ̀ fún yín, ẹlòmíràn á tutọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo bá a gbé ilé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí èyí tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi kò pé rárá.

Ọmọ Ìwó ni. Ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé wá sí Adó nígbà tí ìyẹn ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe kan la ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀nà parí, ọkọ bá àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Mùlíkàt dúró. Kò bímọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jù lù ú bí ìjà bá dé: "Ìwọ tí o ò bí, kí lo mọ̀ nípa ọmọ?" Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa fi gboyè jáde wá. Láti àárọ̀, ohun tí ẹlòmíràn kọ ló ń tẹ̀. Bí oníbàárà bá dáwọ́ dúró díẹ̀, á tẹ tirẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á ká a sí méjì, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ìwé nìyẹn.

Ìtàn wo ló wá wà nínú rẹ̀? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kò sí ìjàpá níbẹ̀, kò sí ọba tó ń dá ìlú sí méjì, tó ń fi ìdajì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó kọ ti ọmọ àfín tí ẹnikẹ́ni kì í bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní kíláàsì. Ó kọ ti ọmọ Ìgbìrà tó ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè lóko olóko, tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó kọ ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, tí ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún aráyé pé bàbá ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Fún àwọn tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó kọ ti ọmọbìnrin kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ máa ń pè wọ yàrá nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí Ọjà Ọba. Ìyẹn ni àwọn ọmọbìnrin máa ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ iléèwé lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn yá a, ó dá a padà, ó tún yá a, ó tún dá a padà, kò sọ nǹkan kan. Mùlíkàt lọ bá ìyá ọmọ náà nílé. Ìyá náà lé e jáde bí ajá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a gbọ́ pé ọ̀gbẹ́ni kan ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé yẹn.

Ó kó ìwé wọ̀nyí lọ sí iléèwé aládàáni kan nígbà kan, bóyá wọ́n á gbà á fún àwọn ọmọ. Ẹni tó ni iléèwé náà ka méjì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màdáámú, ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú èyí? Ọmọ tó ṣe rere ló ń jìyà. Ẹni tó ṣe ibi ń jẹun yó."

"Ní Adó yìí ńkọ́, sà?" Mùlíkàt bi í. "Báwo lẹ ṣe ń rí i?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé iwájú ilé wa, lábẹ́ àtíbàbà mi, ló ń ti kà á. Irun ni mo ń dì. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ máa ń wá ṣe irun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùkú tàbí pátẹwọ́, bí iléèwé wọn bá ṣe sọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá ti wà láàárín orúnkún mi kò lè sá, àwọn tó sì ń dúró de ipò wọn kò níbi tí wọ́n ń lọ. Mùlíkàt á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, á máa kà.

"Àǹtí Mùlí, ṣé ọmọ náà padà rí màmá rẹ̀?"

"Kò tíì rí i."

"Títí láé?"

"N kò mọ̀. Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí."

"Ẹ lọ bá wa wá màmá rẹ̀ o! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù!"

A máa rẹ́rìn-ín o, torí àwọn ọmọ yìí kò lójútì. Mo máa ń bá a wí nígbà mìíràn. Mo ní, "Mùlíkàt, ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ olọ́mọ máa lá àlá burúkú ni?" Ó ní, "Ìyá Adémọ́lá, wọ́n ti ń lá a tipẹ́. Ṣé kí wọ́n wá máa dá a lá?"

Nínú gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ìtàn náà, Olúwarótìmí ló lẹ́nu jù. Kì í ṣe irun ló bá wá, ọmọkùnrin ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Níìfẹ́mi, ló máa ń sin wá, á wá dúró ti òpó bí ẹni pé kò gbọ́. Tó bá yá, a óò gbọ́, "Àǹtí, irọ́! Ọmọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ báyìí." Mùlíkàt á ní kí ó wá sọ bó ṣe yẹ kó jẹ́, á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà. Yàrá tó dojú kọ tèmi ni ti àwọn òbí wọn. Bàbá wọn, Ayọ̀kúnlé, ń wa típà tó ń kó yanrìn, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ìyá wọn ni Jùmọ̀kẹ́. Ìyá Rótìmí ni gbogbo wa ń pè é, torí Rótìmí ni àkọ́bí.

Nígbà òjò èṣí, ibà mú Rótìmí. A rò pé ibà lásán ni, a fún un ní àgbo, a fún un ní egbòogi òyìnbó. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sókè, a sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kú, Níìfẹ́mi sì wà ní iléèwé.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í pe ènìyàn jọ sí i, a kì í fi oórì ọmọ han òbí tó bí i. Ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin méjì láti òpópónà wa ló gbé e lọ. Àwọn nìkan ló mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n sì dákẹ́. Àwa obìnrin kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, ìwé iléèwé rẹ̀, gbogbo ohun tí ojú ìyá rẹ̀ lè rí tí ọkàn rẹ̀ á fi bàjẹ́. Kí àwọn ọmọ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí bọ̀ wálé, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú yàrá yẹn tó fi hàn pé ọmọkùnrin kan gbé ibẹ̀ rí.

Ìyá onílé ló wá sọ ohun tí a máa sọ fún Níìfẹ́mi. Ó ní, "Ìgèdè ló lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń lọ iléèwé báyìí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí o, ẹ jẹ́ kí ẹnu wa ṣọ̀kan."

Ẹnu wa sì ṣọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn náà, kò sẹ́ni tó tún pe Jùmọ̀kẹ́ ní Ìyá Rótìmí. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ìyẹn. Ahọ́n gbogbo wa ṣáà yí, ó di Ìyá Níìfẹ́mi.

Ọmọ náà gbà á lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tó bí i nínú ni pé Rótìmí ò dágbére. Ṣùgbọ́n ọmọdé ń ṣírò. Lọ́jọ́ kan tí mo ń dì í nírun, ó ní, "Ìyá Adémọ́lá, ṣé torí pé Rótìmí lọ sí Ìgèdè lẹ ò ṣe pe Màámi ní Ìyá Rótìmí mọ́? Ta ni Ìyá Rótìmí báyìí? Ṣé Ìyá àgbà ni?"

Mo fa irun rẹ̀. Mo ní, "Jókòó dáadáa, o ń mi orí."

Ó bi Mùlíkàt náà léèrè ìgbà tí Rótìmí máa dé. Nínú gbogbo ilé, Mùlíkàt nìkan ni kò fi ẹnu rẹ̀ pe Ìgèdè. Ó ní, "Bi màmá ẹ." Ó wọlé lọ, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo tẹ̀lé e, mo ní kí ló dé. Ó ní nígbà tí òun kéré ní Ìwó, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n òun lọ sí Kàdúná. Kò sí ọkọ̀ àjàgbé tó ti Òkè-Ọya wá tí òun kì í sáré lọ wo ojú àwọn tó bá sọ̀kalẹ̀. Ẹran ọdún iléyá tirẹ̀, òun á fi pamọ́ dè é títí yóò fi rà. Ìgbà tí wọ́n ń fa òun fún ọkọ ni obìnrin kan nínú ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó ti kú tipẹ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó rò pé òun ti mọ̀.

"Ìyá Adémọ́lá, kò dùn mí pé ó kú mọ́ nígbà yẹn. Ó dùn mí pé wọ́n jẹ́ kí n máa sáré."

Ohun tó mú kó kọ ìtàn tuntun nìyẹn. Kò fi hàn mí. Ọjọ́ Sátidé kan ló mú un jáde, orí Níìfẹ́mi sì wà láàárín orúnkún mi, àwọn ọmọ tó kù jókòó sórí ẹní. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú ìtàn náà tí ibà mú. Ó ní àbúrò. Àbúrò ti iléèwé dé, kò bá a nílé. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Gbogbo alẹ́ ni àbúrò ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, gbogbo àárọ̀ ni oúnjẹ ń kan. Mo húkọ́ kí ó lè dákẹ́. Mùlíkàt ò wò mí. Mo tún húkọ́. Ọwọ́ mi ti dúró nínú irun ọmọ náà, ọrùn rẹ̀ sì le gbọnin bí igi.

Jùmọ̀kẹ́ ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Oyún inú rẹ̀ ti ń hàn nígbà yẹn. Ó fi aṣọ tútù sílẹ̀ lórí okùn, ó wá dúró níwájú wa.

"Àǹtí Mùlí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé yàrá."

Mo tẹ̀lé wọn, torí mo rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà. Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún yẹn.

"Báwo ló ṣe parí?" ó béèrè.

"Ọmọ náà kú. Wọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀. Wọ́n jọ sunkún."

"Ẹ yí i padà."

"Jùmọ̀kẹ́, dìde nílẹ̀."

"Ẹ yí i padà, Àǹtí. Ẹ gbọ́ mi. Bàbá wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi ò lè pè é. Gbogbo ilé yìí ti gbé e jù sílẹ̀. Lójú ọmọ yẹn nìkan ni Rótìmí ti ń rìn, tó ń jẹun, tó ń lọ iléèwé. Ibì kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Ṣé ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ pa á sí?"

Mùlíkàt di apá rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á dìde. Èmi náà dá sí i, mo ní kí ó yí i padà, ṣé ìtàn lásán kọ́? Ta ni ìtàn fẹ́ lù bí wọ́n bá yí i padà? Mùlíkàt ká bébà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Mà á yí i padà."

Ọjọ́ Sátidé kejì ló kà á. Àbúrò náà gbé ìrìn, ó gba ọ̀nà ńlá, ó ń béèrè, ó ń béèrè, títí ó fi dé ilé ìyá àgbà. Ta ló bá lórí igi máńgòrò? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ló pẹ́ ẹ tó báyìí? Mo ti ń retí ẹ." Wọ́n sì jọ di ọwọ́ ara wọn mú padà sílé. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí. Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mùlíkàt ká ìwé náà bí ẹni tó jẹ ohun tó kan.

Níìfẹ́mi ò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀nà wo ló gbà?"

"Ọ̀nà ńlá," Mùlíkàt dáhùn.

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn ín?"

"Ìtàn ni, Níìfẹ́mi."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Níìfẹ́mi wọ aṣọ iléèwé, ó jáde pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì dé iléèwé. Ó gba ọ̀nà Ìyìn, èyí tó lọ sí Ìgèdè. Nígbà tí oòrùn mú, ọlọ́kadà kan rí i lójú ọ̀nà, ó rò pé ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé ni, ó gbé e dé Ìgèdè lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mọ ilé ìyá bàbá rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe Kérésì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ṣe, àwa tí ẹnu wa ṣọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá àgbà pé Rótìmí kú. Àgbàlagbà ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbọ́ irú rẹ̀ lójijì. Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún un pé Rótìmí wà ní Adó, pé ìdánwò tó ń múra sílẹ̀ fún ni kò jẹ́ kó wá kí i. Irọ́ kan wà ní Adó, irọ́ kan wà ní Ìgèdè. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọ̀nà wà láàárín méjèèjì.

Obìnrin tó dá Níìfẹ́mi padà fún wa, aládùúgbò ìyá àgbà, ló sọ bó ṣe lọ. Ó ní òun ń gé ilá níwájú ilé òun, òun sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí ìyá àgbà. Ó ní, "Ìyá, mo wá mú Rótìmí."

"Rótìmí kẹ̀? Ṣebí ulé yín ní Adó ló wà?"

"Rárá o, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ó ti pẹ́."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

Ìyá àgbà wo ọmọ náà. Ó ní, "Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà nílé?"

"Kò sí. Ó kó gbogbo ẹ̀ wá."

Obìnrin yẹn ní ìyá àgbà ò pariwo. Ó ní ṣe ló káwọ́ lérí, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe orúkọ Rótìmí léraléra bí ẹni tó ń kì í, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Kí wọ́n tó gbé omi dé, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Kò tún fi ẹnu yẹn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń sọ pé, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ má bínú, mi ò ní mú un lọ mọ́."

Nígbà tí wọ́n mú un dé, Jùmọ̀kẹ́ lù ú, ó tún gbá a mọ́ra, ó tún lù ú. Mo rò pé ó máa sọ ọ́ nígbà yẹn. Ìyá onílé náà rò bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ní, "Bóyá kí a..." Jùmọ̀kẹ́ ní ẹni tó bá lanu, òun àti onítọ̀hún ló máa kú. Ó ní Rótìmí ti lọ sí Èkó báyìí. Níìfẹ́mi wò ó. Kò bá a jiyàn.

Èmi ló wá bá lábẹ́ àtíbàbà. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àgbàlagbà tó ń gbèrò.

"Ìyá Adémọ́lá, kò sí ní Adó. Kò sí ní Ìgèdè. Ó kúrò níbí, kò débẹ̀. Ìyìn ló máa wà. Ìyìn ló wà láàárín."

Mo fi òòyà sílẹ̀. Mo ní kò sí ní Ìyìn. Ó ní, "Ṣé ẹ ti wá a níbẹ̀?"

Ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́kadà ló mú un ní ìkóríta ọ̀nà Ìyìn, òjò ti pa á, ó sì ti jábọ́ sínú gọ́tà, eékún rẹ̀ ti bó. Ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé wọ́n rí ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì. Jùmọ̀kẹ́ tì í mọ́ yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ní láti lọ tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìgèdè, torí Ayọ̀kúnlé wà níbi iṣẹ́. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní kí n máa fún ọmọ náà lóúnjẹ láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ gbọ́. Ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde láàárín irin fèrèsé láti àárọ̀. Kò sunkún. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Òjò tún ṣú. Kò ní agbòjò. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wá, mà á sáré."

Mùlíkàt ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sídìí fèrèsé. Mo di aṣọ rẹ̀ mú.

"Mùlíkàt, o ti ṣe ìlérí."

"Mo ti mú un ṣẹ, Ìyá Adémọ́lá. Ẹ sì ti rí i." Ó gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú láàárín irin. "Níìfẹ́mi, wò mí. Ìtàn tí mo kà fún yín, mo purọ́ sí ìparí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò sí ní Ìyìn. Kò sí ní Èkó. Rótìmí kú. Ibà tó ṣe é yẹn ló pa á."

Ọmọ náà di ọwọ́ Mùlíkàt mú ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tó o lọ iléèwé, tó o dé, tó ò bá a."

"Ṣé ó dùn ún?"

"Ó dùn ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní àárọ̀, ó ti sùn, kò mọ̀ mọ́."

"Ṣé ó béèrè mi?"

Mùlíkàt wò mí. Èmi ni mo wà ní ọsibítù. Mo sún mọ́ fèrèsé. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Omi ló ń béèrè."

"Bàtà rẹ̀ ńkọ́?"

"A kó o fún ẹlòmíràn," mo wí.

"Kí ló dé tí gbogbo yín ní Ìgèdè?"

"Torí ẹ̀rù ń bà wá," Mùlíkàt wí.

A ò mọ̀ pé Jùmọ̀kẹ́ ti dé. Ó dúró lẹ́yìn wa, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ibi tó ti ń gbọ́ bọ̀. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, iṣu yí káàkiri. Mo rò pé á fò mọ́ Mùlíkàt. Ṣùgbọ́n Níìfẹ́mi ti rí i, ó sì ti béèrè èyí tó kù, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Màámi, ibo ni wọ́n sin Rótìmí sí?"

Jùmọ̀kẹ́ ò lè dáhùn. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń pọ́n àdá létí ògiri, òun sì mọ̀ ọ́n. Ojú gbogbo wa lọ síbẹ̀, títí kan ti ọmọ náà, torí ọmọdé ń rí ibi tí àgbà ń wò.

"Bàbá Adémọ́lá, ibo ni?"

Ọkọ mi gbé àdá sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Níìfẹ́mi, èèwọ̀ ni kí o gbọ́."

"Mo mọ̀," Jùmọ̀kẹ́ wí.

"Ọmọ yìí kì í ṣe òbí rẹ̀," ọkọ mi wí. "Òun lè gbọ́."

Jùmọ̀kẹ́ wo Mùlíkàt. Ìwò tó wò ó yẹn, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó sì kúnlẹ̀ sínú iṣu tó fọ́nká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ pa, ó di ojú rẹ̀. Ọkọ mi lọ sídìí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sétí ọmọ náà. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà ń mi orí, ó ń tún un bi í, ó ń mi orí. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ lè lọ fọwọ́ kan Jùmọ̀kẹ́ pé ó ti tó.

Ìyá àgbà kú lóṣù yẹn. Òun ni wọ́n ṣe òkú fún: wọ́n pa màlúù, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Ìyìn àti Adó. Níbi òkú náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti Mùlíkàt. Wọ́n ní ìtàn rẹ̀ ló pa ìyá arúgbó, wọ́n ní obìnrin tí kò bí ló ń fi ikú ṣeré níwájú ọmọ. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ní kí ó yí i padà. Ìyá onílé fún un ní ìwé pé kó jáde. Ó kó lọ sí òpópónà kejì, sí yàrá kan lẹ́yìn ilé onílé. Ó ṣì ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣì ń kọ ìtàn. Ìyá kankan ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ débẹ̀ mọ́, àfi àwọn ọmọbìnrin ńlá tó ń lọ ní ìkọ̀kọ̀. Mo bi í pé ṣé kò kábàámọ̀. Ó ní, "Èyí tí mo yí padà nìkan."

Jùmọ̀kẹ́ bí ọmọkùnrin. Kò bá Mùlíkàt sọ̀rọ̀ mọ́, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, yóò kọjá. Kò sì bá Níìfẹ́mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ń gbé yàrá kan náà bí àlejò méjì. Nígbà mìíràn, tí iléèwé bá ti pa, mo máa ń rí ọmọ náà tó ń jáde lẹ́yìn ilé, tó ń gba ọ̀nà oko lọ ní òun nìkan. Jùmọ̀kẹ́ á wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tuntun á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa wò ó lọ. Á la ẹnu bíi pé ó fẹ́ pè é. Lẹ́yìn náà, á yí ẹ̀yìn padà, kó má baà rí ibi tí ọmọ náà yà sí.